Bí Ẹ Ṣe Lè Dáàbò Bo Ẹ̀yìn Yín Lẹ́nu Iṣẹ́ Oko

Nígbà púpọ̀, ọ̀rọ̀ irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn apakòkòrò la máa ń bá yín sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, irinṣẹ́ kan tí gbogbo yín ní, tí ẹ kò fi owó rà, la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ̀yìn yín ni. Bí ọkọ́ bá kán, alágbẹ̀dẹ wà. Bí pọ́ńpù bá ń jò, ẹ máa rí rọ́bà rẹ̀ rà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó bá bàjẹ́, ọjà wo lẹ ó ti ra páàtì rẹ̀?

Ká sọ pé ẹ̀yìn dá àgbẹ̀ kan dúbúlẹ̀ ní oṣù kẹrin, tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ti ṣán oko, tó sì ti tọ́jú irúgbìn àgbàdo sílẹ̀. Òjò kò ní dúró dè é. Yálà kí ó lọ yá owó láti fi pe lébìrà, tàbí kí ó máa wo èpò bó ṣe ń gba ilẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lórí ẹní lè gba èrè ọdún kan lọ́wọ́ ẹni. Bó bá jẹ́ ìyàwó ilé tó ń dín gàrí ni, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ló máa kọ́kọ́ forí fá a. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ fara balẹ̀ ka èyí, kí ẹ sì kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé nínú ẹgbẹ́ yín.

KÍ LÓ Ń ṢE Ẹ̀YÌN GAN-AN?

Bí ìbàdí bá ti ń ro wá, jẹ̀díjẹ̀dí la máa ń dá lẹ́bi. A ó ra àgbo, a ó mu ún, bó bá di ọjọ́ kejì a ó tún padà sóko lọ ṣe ohun kan náà tó mú ìbàdí ro wá lánàá. Àwọn mìíràn á ní ọjọ́ orí ni. Lóòótọ́, ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí ẹ̀yìn ti ń dùn, ọjọ́ orí wo lòun ní? Bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ wa ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀, inú iṣẹ́ náà la sì ti lè rí àtúnṣe rẹ̀.

Ọ̀pá ẹ̀yìn wa kì í ṣe egungun gígùn kan ṣoṣo. Egungun kéékèèké ni, tí Ọlọ́run tò léra wọn. Mẹ́rìnlélógún (24) nínú wọn ló lè tẹ̀, tó lè yí. Márùn-ún tó wà nísàlẹ̀, níbi ìbàdí, ló ń ru ẹrù jù, ibẹ̀ náà ló sì máa ń dun ènìyàn jù. Láàrin egungun kan sí èkejì, tìmùtìmù kan wà níbẹ̀ tí inú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, tí ara rẹ̀ lóde sì yi bí awọ. Tìmùtìmù yìí ni kì í jẹ́ kí egungun máa gbo egungun. Àwọn iṣan tó nípọn bí okùn ló di gbogbo rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí waya ṣe ń fa òpó kó má baà ṣubú. Ẹ̀gbẹ́ tìmùtìmù náà sì ni àwọn iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀ gbà kọjá.

Nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀, a ń tẹ iwájú tìmùtìmù yìí mọ́lẹ̀, inú rẹ̀ á sì máa ti ara rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sí wàhálà. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán, lójoojúmọ́, fún ọdún mẹ́wàá, awọ ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, á wú jáde, á fara kan iṣan ẹsẹ̀. Ìrora á wá máa ṣàn láti ìdí gba itan lọ dé àtẹ́lẹsẹ̀, bíi kí iná mànàmáná máa gbé ènìyàn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọjọ́ tí ẹ̀yìn há kọ́ ni ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹ ó ti gbọ́ nípa ẹni tó kàn bẹ̀rẹ̀ láti mú àdá nílẹ̀ tí kò lè nàró mọ́. Wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Àdá kọ́, ayé kọ́. Gbogbo àpò tó ti fi agídí gbé láti ẹ̀yìn wá ló sanwó lọ́jọ́ yẹn.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni ọ̀rọ̀ jíjìnnà ẹrù sí ara. Ẹ dán èyí wò nílé. Ẹ pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́rin, ẹ gbé e mọ́ àyà. Ó rọrùn. Ẹ wá na ọwọ́ méjèèjì jáde tààrà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì yẹn kan náà. Ẹ máa rí i pé kò ní pẹ́ tí ọwọ́ yóò fi máa gbọ̀n, tí ẹ̀yìn yóò sì máa fà. Omi náà kò lékún o. Jíjìnnà rẹ̀ ló sọ ọ́ di wúwo. Iṣan ẹ̀yìn tó ń fa ara wa padà kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ sí àárín ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá wà ní àádọ́ta (50) sẹ̀ǹtímítà níwájú wa, iṣan náà ní láti fi agbára ìlọ́po mẹ́wàá fà á. Ẹrù kìlò mẹ́wàá á wá dà bí ọgọ́rùn-ún kìlò lójú ẹ̀yìn. Ẹ sì rántí pé orí, àyà àti apá wa pàápàá jẹ́ ẹrù. Bí a bá tẹ̀ síwájú lọ́wọ́ òfìfo, ẹ̀yìn ti ń gbé ẹrù nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ìbàdí fi ń ro ẹni tó ro oko èpò láti àárọ̀, tí kò sì gbé àpò kankan.

ỌKỌ́ ÀTI Ẹ̀RÚKỌ́ RẸ̀

Ọkọ́ wa kúkúrú, iṣẹ́ ebè ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ẹni tó ń kọ ebè iṣu nílò láti sún mọ́ ilẹ̀, kí ó lè fa yẹ̀pẹ̀ púpọ̀ mọ́ra lẹ́ẹ̀kan. A kò ní tan yín, a kò tíì rí ọkọ́ ẹlẹ́rúkọ́ gígùn tó máa kọ ebè iṣu bí ọkọ́ kúkúrú. Ṣùgbọ́n ta ló ní ọkọ́ ebè yìí kan náà la gbọ́dọ̀ máa fi ro èpò inú àgbàdo, inú ẹ̀wà àti inú ẹ̀gẹ́? Èpò kò nílò agbára tó tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ ni kí a gé e nísàlẹ̀ díẹ̀, kí oòrùn sì pa á. Èyí, ẹni tó nàró lè ṣe é.

Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àwọn lébìrà oko ẹ̀fọ́ ló jìyà ọkọ́ kúkúrú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn olóko ńlá ibẹ̀ ní bí kò bá sí ọkọ́ kúkúrú, iṣẹ́ kò ní dára, irúgbìn á sì ṣòfò. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà. Ní ọdún 1975, ilé ẹjọ́ gbà pé irinṣẹ́ tó léwu fún ara ni, wọ́n sì fòfin dè é ní oko gbogbo. Àwọn olóko wọn gba ọkọ́ gígùn, oko wọn kò sì parun.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọkọ́ méjì: kúkúrú fún ebè, gígùn fún èpò. Ẹ gé igi tó fúyẹ́ tó sì yi fún ẹ̀rúkọ́ gígùn náà. Bí ẹ bá nàró, tí ẹ gbé e dúró síwájú yín, kí orí rẹ̀ dé àyà tàbí kí ó ga jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ẹni gíga kò gbọdọ̀ lo ti ẹni kúkúrú. Ẹ sọ fún alágbẹ̀dẹ kí ó má ṣe irin rẹ̀ tóbi bíi ti ọkọ́ ebè, nítorí ọkọ́ gígùn tó wúwo lórí máa ń fa èjìká. Kí ẹ tó sanwó, ẹ nàró pẹ̀lú rẹ̀ níwájú alágbẹ̀dẹ, ẹ gbé e kalẹ̀: ojú irin náà gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lélẹ̀ bí ẹ ṣe nàró. Bó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ó tó gé koríko, kò tíì ṣe é dáadáa, kí ó tún un tẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kọsẹ̀. Wọ́n á ki igi gígùn bọ ọkọ́ àtijọ́, kò ní gé, wọ́n á wá ní ọkọ́ gígùn kò dára.

Àwọn àgbà kan á sì ní ọkọ́ gígùn, ọkọ́ ọ̀lẹ ni. A bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye àwọn àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn lábúlé yín tí kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló tẹ̀ wọ́n. Àwọn àgbẹ̀ òkè Ọya tó ń fi ọkọ́ gígùn gbẹ́ ihò ìgbìn nínàró, ta ló jẹ́ pè wọ́n ní ọ̀lẹ?

Ọkọ́ gígùn kò wúlò nínú oko tí wọ́n gbìn jákujàku o. Bí ẹ bá gbin àgbàdo ní ìlà, kí ìlà kan jìnnà sí èkejì ní sẹ̀ǹtímítà márùndínlọ́gọ́rin (75), ẹ máa ráyè rìn láàrin rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ gígùn láì gé àgbàdo. Ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlà lẹ́nu olùkọ́ àgbẹ̀ yín tẹ́lẹ̀. Ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀yìn yín náà wà nínú rẹ̀.

Ní ti ebè tí a kò lè yẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó ń gba iṣẹ́ ní igba ebè ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá jù. Iye ebè la fi ń sanwó fún un, nítorí náà kò ní fẹ́ dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Lẹ́yìn ebè bí ogún, ẹ nàró, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ìbàdí, ẹ rọra tẹ̀ sẹ́yìn bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ rìn lọ mu omi. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ má na orúnkún tọọrọ. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀, kí ìdí ṣe nínú iṣẹ́ náà, kí ó má jẹ́ ìbàdí nìkan. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ kọ́ láti máa pààrọ̀ ọwọ́. Ẹni tó bá ń fa ọkọ́ sí apá ọ̀tún nìkan láti kékeré, apá kan ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ń lò.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣa èso nílẹ̀ tàbí tí ẹ ń fi ọwọ́ tu koríko ìdí ata, ẹ ká àpò, ẹ fi orúnkún kan kúnlẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fẹ́ mú nǹkan kékeré kan ṣoṣo, ẹ fi ọwọ́ kan ti itan kí ẹ tó tẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń pọn ọmọ ro oko, ẹ rántí pé ọmọ ọdún kan lè tó kìlò mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, ẹrù ni. Bí ẹni tó dàgbà bá wà tó lè bá yín mójú tó o lábẹ́ igi, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

ÀPÒ ÀTI ẸRÙ

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń gbé. Àpò ajílẹ̀ jẹ́ àádọ́ta (50) kìlò. Àpò kòkó lé ní ọgọ́ta (60). Àpò àgbàdo ńlá tó ọgọ́rùn-ún (100). Kẹ́ẹ̀gì omi lítà ogún jẹ́ ogún kìlò, nítorí lítà omi kan, kìlò kan ni. Ní ọdún 1967, Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ dámọ̀ràn pé kí ẹrù tí ọkùnrin tó ti dàgbà ń fi ọwọ́ gbé má ju kìlò márùndínlọ́gọ́ta (55) lọ, kí ti obìnrin àti ọ̀dọ́ sì kéré sí i dáadáa. Ìṣirò tí àjọ NIOSH ti ìjọba Amẹ́ríkà tún ṣe ní ọdún 1991 kò tilẹ̀ kọjá kìlò mẹ́tàlélógún (23), nígbà tí ohun gbogbo bá sì dára nìyẹn: tí ẹrù wà nítòsí ara, tí ó wà ní gíga ìbàdí, tí ó ní ibi ìdìmú, tí a kò sì ní yí ara. Ẹ wá wo àpò àgbàdo wa, ẹ wo ẹni kan ṣoṣo tó wà lábẹ́ rẹ̀.

A mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Dírẹ́bà píkọ́ọ̀pù ń fọn fèrè, ilẹ̀ ń ṣú, àwọn ọ̀dọ́ ń wo ara wọn pé ta ló máa kọ́kọ́ ní òun ò lè gbé e. Ẹni tó lágbára jù ló máa ń fara gbọgbẹ́ níbẹ̀, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn ń pè. Ní tiwa, kí dírẹ́bà bínú sàn.

Ohun tó dára jù ni kí ẹrù kéré kó tó di pé a gbé e. Ẹ pín àpò ajílẹ̀ sí méjì kí ẹ tó kúrò ní sítọ́ọ̀. Ẹ di àgbàdo sínú àpò kéékèèké fún ọ̀nà oko, bó bá dé ẹ̀bá títì ẹ lè dà á sínú ńlá. Lẹ́yìn èyí, ẹ má fi ẹrù sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbígbé ẹrù láti ilẹ̀ ló le jù fún ẹ̀yìn. Ẹ to pákó lórí búlọ́ọ̀kù nínú àká yín, kí ó ga tó orúnkún tàbí jù bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ máa kó àpò sí. Ẹ jàǹfààní méjì nìyẹn, nítorí ọ̀rinrin ilẹ̀ kò ní ba àgbàdo àti ajílẹ̀ yín jẹ́. Ẹ tún wá pákó gígùn tó yi kan tí ẹ lè gbé ti ìdí ọkọ̀, kí ẹ máa ti àpò gorí rẹ̀ dípò kí ẹ máa jù ú sókè.

Bí ẹ bá wá fẹ́ gbé e náà, ẹ kọ́kọ́ gbé etí rẹ̀ kan wò kí ẹ mọ bó ṣe wúwo tó. Ẹ wo ọ̀nà tí ẹ máa gbà, kí gbòǹgbò tàbí òkúta má gbé yín ṣubú. Ẹ ya ẹsẹ̀, kí ọ̀kan ṣíwájú díẹ̀, ẹ fi orúnkún lọ sílẹ̀, kí àyà dúró sókè. Ẹ fa àpò mọ́ ikùn pátápátá, ẹ fi ẹsẹ̀ tì dìde. Ẹ̀wù tó dọ̀tí ṣeé fọ̀, nítorí náà ẹ má sá fún ìdọ̀tí àpò. Ṣùgbọ́n èyí tó ń ba ẹ̀yìn jẹ́ jù lọ ni kí ènìyàn tẹ̀, kí ó gbé, kí ó sì yí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ yà sápá kan, ẹ gbé ẹsẹ̀ yí. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, kí ẹnì kan ṣoṣo máa pàṣẹ, kí ó ka "ení, èjì, ẹ̀ta" kí ẹ tó jọ gbé e. Bí ẹnì kan bá yára, ẹnì kejì ni gbogbo ìwúwo ń já lé.

Ní ti orí rírù, ẹrù tó bá jókòó dáadáa lórí òṣùká wà láàrin gbùngbùn lórí ọ̀pá ẹ̀yìn, kò sì fa ìbàdí síwájú bí èyí tí a gbé lọ́wọ́. Ọrùn ló ń jìyà rẹ̀ bó bá pọ̀ jù. Ìgbà tí a ń gbé e gorí àti ìgbà tí a ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni ewu wà. Àwọn baba wa mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá gbọ́ "ẹ bá mi gbé e rù o" kì í kọjá lọ. Ẹ má tijú láti sọ ọ́. Aboyún kò gbọdọ̀ ru ẹrù tó wúwo rárá, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹrù àgbà lé ọmọdé lórí nítorí pé ó ń ṣe gírí.

Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan dá owó jọ ra ọmọlanke tàbí bárò méjì, kí wọ́n máa yá ara wọn lò, kò ga jù. Owó tí ẹnì kan máa ná nílé ìwòsàn lórí ẹ̀yìn lè ti tó o rà.

Ẹ̀GẸ́, PỌ́ŃPÙ ÀTI ÌDÍ ÀÀRÒ

Ẹ̀gẹ́ fífà lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn ti há ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn. Ilẹ̀ ti le, ẹni náà á di igi mú, á fà á tagbáratagbára, igi á já tàbí kí ẹ̀gẹ́ jáde lójijì. Ẹ máa wá ọjọ́ tí òjò ti rọ̀ bó bá ṣeé ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi ọkọ́ tú ìdí rẹ̀ yíká ná. Ẹ gé igi rẹ̀ kù bí ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú nísàlẹ̀, ẹ ká orúnkún, ẹ fi ẹsẹ̀ dìde. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ fi okùn so kùkùté náà mọ́ ọ̀pá gígùn tó yi, ẹ ti orí ọ̀pá kan mọ́lẹ̀, kí ẹ wá máa gbé orí kejì sókè. Ọ̀pá náà á bá yín ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ìbàdí ṣe.

Pọ́ńpù tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn tó gba omi lítà mẹ́rìndínlógún (16) á kọjá kìlò mẹ́rìndínlógún bó bá kún, nítorí pọ́ńpù fúnra rẹ̀ ní ìwúwo tirẹ̀. Ẹ má gbé e nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹ sì wá máa yí ara bọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ gbé e ka orí kùkùté gíga tàbí bẹ́ńṣì tó dé ìbàdí, ẹ kẹ́yìn sí i, ẹ bọ okùn méjèèjì, ẹ fà wọ́n le kí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ẹ tó dìde. Ẹni tí kò bá lágbára tó lè rọ ọ́ ní ìlàjì, kí ó sì lọ lẹ́ẹ̀mejì, bí ó bá ti ṣe ìwọ̀n oògùn náà mọ ìwọ̀n omi. Pọ́ńpù tó ń jò, ẹ má gbé e kọ́ ẹ̀yìn rárá. Ewu oògùn tó ń wọ ara ju ti ìbàdí ríro lọ.

Ẹ̀yin ìyá tó ń bẹ ẹ̀gẹ́, tó ń dín gàrí, iṣẹ́ yín kò hàn bí iṣẹ́ agbára, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà lórí àpótí kúkúrú pẹ̀lú àyà lórí orúnkún burú fún ẹ̀yìn ju àpò méjì lọ. Ẹ wá àpótí tó ga débi tí itan á fi tẹ́jú bí ẹ bá jókòó, kí ẹ sì gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ ka orí nǹkan kí ó sún mọ́ ọwọ́. Èyí tó bá ti bẹ, kí ó bọ́ sínú abọ́ ẹ̀gbẹ́ yín, kí ẹ má máa yí sẹ́yìn jù ú. Ààrò gàrí, ẹ jẹ́ kí bíríkìlà mọ ọ́n ga, kí agbada wà ní gíga ìbàdí ẹni tó nàró, kí wọ́n sì yọ símínì fún èéfín lẹ́yìn. Ẹ ó lè máa dín in ní ìdúró, ẹ ó sì lè máa jókòó sórí àga gíga lóòrèkóòrè. Bí ẹ̀yin méjì bá wà, kí ẹni tó ń dín àti ẹni tó ń kù máa pààrọ̀ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ àkókò náà wà níbẹ̀. Tìmùtìmù ẹ̀yìn máa ń fa omi sára lóru, nítorí náà ó máa ń kún ní òwúrọ̀, kò sì fẹ́ títẹ̀ jìnnà nígbà náà. Ẹni tó jí tó lọ gbé àpò lójú ẹsẹ̀ ń wá wàhálà. Ẹ fi iṣẹ́ tó fúyẹ́ ṣáájú, ẹ rìn káàkiri oko. Bákan náà, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì nídìí ebè, okùn ẹ̀yìn ti rọ̀, kò tíì lè di egungun mú dáadáa. Ẹ má ti ibẹ̀ lọ gbé ẹrù sórí ọ̀kadà. Ẹ nàró, ẹ rìn díẹ̀, ẹ jẹ iyán yín, kí ẹ tó gbé e.

Àwọn kan máa ń fi ọ̀já di ìbàdí le kí wọ́n tó gbé ẹrù. Bó bá tù yín lára, a kò ní kí ẹ tú u. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹ̀rí tó dájú pé bẹ́líìtì ń dènà kí ẹ̀yìn bàjẹ́, ó sì máa ń fún ènìyàn láyà láti gbé ohun tí kò yẹ kó gbé.

BÍ Ẹ̀YÌN BÁ TI MÚ YÍN

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn dídùn máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má dùbúlẹ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ kan tàbí méjì tí ẹ fi sinmi kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, iṣan rẹ̀ á rọ, á sì pẹ́ kó tó gbádùn. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú àgbàlá. Aṣọ tí a ki bọ omi gbígbóná, kí ó má jẹ́ èyí tó ń jó ara, dára. Kí wọ́n fi òrí rọra ra á náà dára. Ẹ má ní kí ọmọ máa gun ẹ̀yìn yín, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹ ṣubú lulẹ̀. Ẹ yẹra fún àdàlù oògùn tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá kékeré tà nínú ọkọ̀. Ó lè mú ìrora lọ lónìí, kó sì da egbò sínú ikùn tàbí kó ba kíndìnrín jẹ́. Abẹ́rẹ́ tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ gún sí ìdí ti rọ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba ìdúró. Bí ẹsẹ̀ kan tàbí méjèèjì bá ń rọ, bí ojú ara àti agbègbè ìdí bá kú tí ẹ kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò wá, tàbí tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá ń bọ́ láìròtẹ́lẹ̀, ẹ gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ó má di ọ̀la. Ẹni tó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ tàbí igi kòkó náà ńkọ́? Ẹ má fà á dìde, ẹ má ká a sórí ọ̀kadà. Ẹ jẹ́ kí ó sùn gbalaja lórí pákó tàbí ilẹ̀kùn, kí ẹ fi ọkọ̀ gbé e. Bí ẹ̀yìn bá sì ń dùn lóru ju ọ̀sán lọ, tí ara ń gbóná, tí ènìyàn ń rù, tàbí tí ikọ́ ti wà lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí ó lọ ṣàyẹ̀wò ikọ́ fée, nítorí àrùn náà máa ń wọ egungun ẹ̀yìn.

Nígbà tí ara bá ti ń yá, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ dúró sí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ fi ọkọ́ gígùn ro ìwọ̀nba èpò ní àárọ̀, kí ẹ sì padà sílé kí oòrùn tó mú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ lè gbé ohun tí kò ju kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá lọ. Ebè àti àpò, ẹ pe ọ̀wẹ̀ sí i, tàbí kí ẹ bá ẹlẹ́gbẹ́ yín ṣe àáró: kí òun kọ ebè tiyín, kí ẹ̀yin bá a ṣẹ́ àgbàdo rẹ̀ ní ìdúró.